Ṣájà kì í ṣe power supply: kí lẹ fi ń gbé bátìrì ró tí ẹ bá ń ṣe fláàṣì módù?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣe fláàṣì módù jíà (kí n kọ ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí jíà) fún ọkọ̀ oníbàárà kan, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá dá a ṣe nìyí. Síkánà ní á gbà tó ogójì ìṣẹ́jú. Mo ní ṣájà ámpù 6 tó máa ń fi òru kan gba bátìrì kún, mo ní bátìrì kejì, mo sì ní wáyà jọ́mpù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní òun ò lo nǹkan kan rí, pé bátìrì tó bá ti dáa, kí n ṣáà máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹlòmíì ní tí mi ò bá wá power supply, ẹ̀rọ tó ń mú fóltéèjì dúró sójú kan, màá pa módù olówó olówó. Bátìrì ọkọ̀ yìí ń ka fóltì 12.6 báyìí. Ta ni kí n gbọ́ nínú wọn?

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ bọ́tìnì yẹn. Mo mọ̀ pé oníbàárà ń dúró, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ná.

Tó bá jẹ́ kóòdù àṣìṣe lásán lẹ fẹ́ kà, kí ẹ wo dátà fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ pa kóòdù rẹ́, bátìrì tó dáa lè dá ìyẹn gbé. Fláàṣì ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú fláàṣì, síkánà á kọ́kọ́ nu ohun tó wà nínú módù kúrò, á wá máa kọ tuntun sí i díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà á ṣírò gbogbo ẹ̀ wò bóyá ó pé. Láti ìgbà tó ti nu ti àtijọ́ títí di ìgbà tí tuntun máa pé, ohun kan ṣoṣo tó kù nínú módù yẹn ni ètò kékeré tó ń gba ohun tí síkánà ń rán. Tí iná bá já wálẹ̀ lásìkò yẹn tí módù sì tún ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lè má mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé mọ́. Nígbà míì ẹ̀ẹ́ rí i bá padà. Nígbà míì ẹ máa tú u kúrò lára ọkọ̀, ẹ máa gbé e sórí tábìlì, ẹ máa ṣí inú ẹ̀. Ìgbà míì sì rèé, òmíràn lẹ máa rà.

Nítorí náà ẹni tó ní kí ẹ wá power supply ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi tọ̀nà ló yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ṣájà àti power supply, nǹkan kan náà ni, ibẹ̀ gan-an sì ni módù ti ń kú.

* * *

Ẹnì kan ti kọ ọ́ pé: "Ṣájà ámpù 6 yẹn ṣáà ń fi nǹkan kún un, ó sàn ju kó má sí lọ."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọkọ̀ òde òní tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà ní ON tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, kò ṣòro fún un láti máa jẹ ámpù 15 sí 30, àwọn kan wà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká mú 25. Ṣájà yín ń fún un ní 6, ó ku 19 tó ń jáde lára bátìrì. Ó dà bíi kéèyàn máa fi kọ́ọ̀pù bu omi sínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹlòmíì ń fi garawa bu lọ. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, nǹkan bí ámpù-wákàtí 13 ti lọ nìyẹn. Tí ẹ ò bá sì lo ṣájà rárá, 17 ni ì bá lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Módù ò mọ ámpù-wákàtí, fóltéèjì tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn ló mọ̀. Bátìrì tó ti sinmi tó ń ka 12.6, ó kún. 12.4, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kù. 12.2, ìdajì. 12.0, ìdá kan nínú mẹ́rin. Àmọ́ tí bátìrì bá ti sinmi nìkan ni òǹkà yẹn bá a mu. Tí ẹ bá ti gbé ẹrù lé e, òǹkà náà á já sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí bátìrì yẹn bá sì ti gbó, jíjá ẹ̀ á pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹrù náà kì í dúró sójú kan, ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tí ẹ bá ń ṣe fláàṣì ECU, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, fáànù ráídétọ̀ á kàn bẹ́ sílẹ̀, á máa fẹ́ ní àfẹ́kún, torí módù tó ń pàṣẹ fún un ti dákẹ́, wọ́n sì ṣe é kó jẹ́ pé tí kò bá gbọ́ àṣẹ, kó máa yí kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbóná jù. Ẹ ò lè pa á. Ámpù 20, 30, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí èyí tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi ohun tí ṣájà ámpù 6 fẹ́ ṣe síyẹn.

* * *

Ó kan ọ̀rọ̀ "ọ̀gá mi ò lò ó rí" yìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí ọ̀gá tó kọ́ni níṣẹ́, bàbá ni.

Ọ̀gá yín ò parọ́. Ọkọ̀ tí àwọn fi kọ́ṣẹ́, módù inú ẹ̀ ò ju méjì mẹ́ta lọ, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ sí ON, ámpù tó ń jẹ ò tó nǹkan, fáìlì tí wọ́n máa kọ sínú ẹ̀ kéré, ìṣẹ́jú mélòó kan ti parí. Bátìrì tó dáa á gbé ìyẹn tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Ọkọ̀ tó wà níwájú yín lónìí lè ní ogún, ọgbọ̀n módù, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kìkì pé ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ìdajì wọn ti jí. Fáìlì ti tóbi. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá fọwọ́ kan módù kan, ètò ẹ̀ á ní òun fẹ́ tún márùn-ún mìíràn ṣe kí gbogbo wọn lè bára mu, iṣẹ́ tí ẹ rò pé ó jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú á di wákàtí mẹ́ta.

Àwọn tó ń sọ pé "ọdún mẹ́wàá rèé, mi ò pa ọ̀kan rí", mo gbà wọ́n gbọ́. Àmọ́ ẹni tó ti pa mẹ́ta ò ní wá síbí wá kọ ọ́. Àwọn tó yè bọ́ nìkan là ń gbọ́ ohùn wọn.

Àti pé ikú módù nìkan kọ́ ni fóltéèjì kékeré ń fà. Ó ń tanni jẹ. Bátìrì tó ti rẹ̀ á jẹ́ kí módù kan sùn fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, àwọn tó kù á ní àwọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́, kóòdù U0100 (pé ECU ò dáhùn) á jáde, P0562 (pé fóltéèjì kéré) á tẹ̀ lé e, ẹ̀yin á bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà, ẹ máa wá ohun tí kò sọnù. Mo ti rí rewáyà tó tú dáṣíbọ́ọ̀dù kan palẹ̀ fún ọjọ́ méjì torí irú kóòdù bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì, gbogbo ẹ̀ lọ. Nítorí náà èmi máa ń gbé bátìrì ró kí n tó ka kóòdù pàápàá, tí mo bá ti mọ̀ pé mo máa pẹ́ lórí ọkọ̀ yẹn.

* * *

"Ẹ jọ́mpù ẹ̀ láti ara ọkọ̀ mìíràn tó ń ṣiṣẹ́. Ọ́tánétọ̀ ń gbé 14 jáde, kí lẹ tún fẹ́?"

Rárá o. Èyí ni mo kórìíra jù nínú gbogbo ẹ̀, mi ò ní fi bò.

Ọ́tánétọ̀ ò ṣiṣẹ́ ní ìdúróṣinṣin. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn bá ṣe ń yí ni iná ẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí AC ọkọ̀ yẹn bá gbà, ó já, tí AC bá kúrò, ó fò sókè. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ló ń pàṣẹ fún ọ́tánétọ̀ pé kó dín iná kù nígbà tí bátìrì tiẹ̀ bá ti kún, ẹ̀yin ò ní mọ ìgbà tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Dáyódì kan tó bá ti bàjẹ́ nínú ọ́tánétọ̀ yẹn, ìgbì, ìyẹn iná tó ń yára lọ sókè sódò, á wà nínú iná tó ń gbé jáde. Àti kílíìpù jọ́mpù, ẹ mọ bó ṣe máa ń rọra yẹ̀ lórí tẹ́mínà tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Ìgbà tó bá yẹ̀ tó tún gbá padà, iná á ta, fóltéèjì á fò.

Tí ọkọ̀ ò bá sítáàtì, jọ́mpù ló wà fún. Kò wà fún ọkọ̀ tí ọpọlọ ẹ̀ ń gba ìkọ̀wé lọ́wọ́.

Ẹnì kan tún bi mí pé ṣé a ò kúkú lè fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà gan-an sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Fún àwọn àyẹ̀wò kan, bẹ́ẹ̀ ni, ó tiẹ̀ di dandan. Fún fláàṣì, rárá, torí módù tó ń gba fláàṣì ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹ́ńjìnnì máa kú tó bá jẹ́ ECU ni, bí kò bá sì jẹ́ ECU pàápàá, kọ́kọ́rọ́ ON tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fẹ́.

Búsítà líthíọ́mù kékeré tí wọ́n fi ń jọ́mpù náà kò yàtọ̀. Wọ́n ṣe é láti tú ámpù púpọ̀ jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, òmíràn á sì pa ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ tí àsìkò ẹ̀ bá pé.

* * *

Bátìrì kejì ńkọ́? Níbí, mo gbà díẹ̀.

Tí ẹ bá so bátìrì kejì tó kún, tó dáa, tí irú ẹ̀ sì bá ti àkọ́kọ́ mu, pọ̀ mọ́ ti inú ọkọ̀, pósítíìfù sí pósítíìfù, négátíìfù sí négátíìfù, ẹrù yẹn á pín sára méjì, fóltéèjì ò ní tètè já. Ìyẹn dáa ju ṣájà ámpù 6 lọ, ó sì dáa ju ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ ní ọ̀nà pípọ̀. Iná bátìrì mọ́, kò ní ìgbì.

Ṣùgbọ́n ó ń lọ sílẹ̀ ni, kò ní fìgbà kankan lọ sókè. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti 12.5 kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Síkánà mìíràn á wo fóltéèjì kó tó bẹ̀rẹ̀, á ní òun ò ṣe tí kò bá tó 13. Tí ọ̀kan nínú bátìrì méjèèjì bá sì ti rẹ̀, èyí tó kún á máa da iná sínú èyí tó rẹ̀ dípò kó gbé ọkọ̀. Mo ti lò ó, nígbà tí mi ò ní nǹkan mìíràn, fún fláàṣì tí mo mọ̀ pé kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mi ò ní lò ó fún módù jíà ogójì ìṣẹ́jú.

* * *

Ó wá kan ọ̀rọ̀ gan-an: ìyàtọ̀ ṣájà àti power supply.

Iṣẹ́ ṣájà ni kó kún bátìrì. Ó ní ìpele. Á kọ́kọ́ ti ámpù wọlé, fóltéèjì á gòkè lọ bá 14.4, òmíràn 14.8, lẹ́yìn náà á rọra dín in kù, tó bá rò pé bátìrì ti kún, á sinmi. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn tún ní ìpele tí wọ́n fi ń tún bátìrì tó ti gbó ṣe, wọ́n á máa gbá fóltéèjì sókè kọjá 15. Ẹ wò ó, nígbà tí ọkọ̀ ń jẹ ámpù 25, ṣájà yẹn ò mọ̀ pé ọkọ̀ ló ń jẹ ẹ́, bátìrì ló rò pé ó ń jẹ ẹ́. Ìdájọ́ tó bá ṣe, àṣìṣe ni. Ó lè ní bátìrì yìí ti bàjẹ́, kó pa ara ẹ̀ láàárín fláàṣì.

Power supply ò ní ìpele. Ẹ máa ní kó dúró sí 13.6 fún àpẹẹrẹ, ibẹ̀ ló máa wà. Ọkọ̀ jẹ ámpù 5, ó fún un ní 5. Fáànù bẹ́ sílẹ̀, ó di 50, ó fún un ní 50, tí agbára ẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀, 13.6 ò yẹ̀. Ohun tí à ń rà gan-an nìyẹn. Àwọn ṣájà ńlá kan ní bọ́tìnì tó ń sọ wọ́n di power supply, wọ́n á kọ "supply" tàbí "flash" sí i. Ìyẹn dáa, kí ẹ ṣáà rí i pé ibẹ̀ lẹ tẹ̀, kì í ṣe "charge".

Àti ìgbì. Ṣájà irin wúwo ayé àtijọ́ yẹn, tó ń kùn hùùù, iná tó ń gbé jáde ò mọ́, àloálọ ilé ṣì wà nínú ẹ̀. Bátìrì ń mu ìgbì yẹn díẹ̀ ṣùgbọ́n kì í mu ún tán, módù àti síkánà tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà tín-ín-rín méjì lè ṣi ara wọn gbọ́. Ẹ gbé mítà yín sí AC (ti iná àloálọ, kì í ṣe AC tó ń tutù), ẹ fi kan orí bátìrì nígbà tí ṣájà ń ṣiṣẹ́. Ìdajì fóltì ni ọ̀pọ̀ rewáyà fi ń mọ ọ́tánétọ̀ tí dáyódì ẹ̀ ti lọ, tí ẹ bá wá rí irú ẹ̀ lórí ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fláàṣì, ẹ yọ ọ́. Èmi ò gba ìdajì ìyẹn gan-an láyè.

* * *

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, torí kì í ṣe ìwé ni mo ti kà á.

Ọkọ̀ kan wá sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sán, ó fẹ́ fláàṣì módù jíà bíi tiyín. Mo wa ọkọ̀ náà yípo díẹ̀ kí n lè mọ bí jíà ṣe ń gbá, mo dé, mo pa á, mo wo bátìrì, 12.9. Inú mi dùn. Mi ò rántí pé ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dé, iná ojú lásán, tí kì í pẹ́ lọ, ni bátìrì ẹ̀ máa ń gbé, ó yẹ kí n tan iná iwájú fún ìṣẹ́jú kan méjì, kí n pa á, kí n jẹ́ kó sinmi kí n tó kà á. Mo so ṣájà ámpù 10 kan mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yọ wàhálà díẹ̀, mo tún un ṣe, mo tún bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Ó dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, iná iwájú ọkọ̀ kàn tàn fúnra ẹ̀.

Iná iwájú wà ní AUTO. Sẹ́nsọ̀ rí i pé ilẹ̀ ti ṣú. Gílóòbù méjì, wáàtì 55 sí 55, ámpù 9 nìyẹn, ti ẹ̀yìn àti ti nọ́ńbà ò tíì sí níbẹ̀. Mo rí fóltéèjì lórí síkánà tó já láti 12.1 sí 11.4, síkánà ní òun ò rí módù mọ́.

Mi ò lè ṣàlàyé bí inú mi ṣe rí. Mo dúró síbẹ̀, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n bá mi yá power supply lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní i, ó gbà tó wákàtí kan. A so ó mọ́ ọn, a gbé e sí 13.6, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti inú síkánà kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́, kò gbà. Ẹ̀ẹ̀kejì ló mú un. Ètò kékeré inú módù yẹn ni kò kú, òun ló yọ mí. Láti ọjọ́ náà, kí n tó so nǹkan kan, mo máa ń yí iná iwájú kúrò ní AUTO sí OFF, tí sẹ́nsọ̀ bá wà lókè dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò sí OFF, mo máa ń tan iná wáàkùṣọ́ọ̀bù mi sí i.

* * *

Ẹ pa ohun gbogbo tó ń jẹun. Bulówà AC, rédíò, iná inú, ìmúgbóná àga, ìmúgbóná gíláàsì ẹ̀yìn. Tí ilẹ̀kùn bá gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí kí wáyà lè wọlé, ẹ fi síkúrúdíráfà ti ahọ́n lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn kó rò pé òun ti tì, kí iná inú lè kú. Ẹ máa rántí pé ẹ ti tì í o, kí ẹ má lọ pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.

Ibi tí ẹ máa so kílíìpù mọ́ náà ṣe pàtàkì. BMW àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì ní sẹ́nsọ̀ kékeré lórí négátíìfù bátìrì, ó ń ka iná tó wọlé àti èyí tó jáde. Tí ẹ bá so négátíìfù yín tààrà sórí bátìrì, sẹ́nsọ̀ yẹn ò ní rí ohun tí ẹ ń gbé wọlé, ìṣirò ẹ̀ á dàrú. Ojú irin ọkọ̀ ni kí ẹ so ó mọ́, ibi tí wọ́n ṣe fún jọ́mpù, irin tó mọ́, tí kò ní ọ̀dà. Pósítíìfù lẹ máa kọ́kọ́ so, négátíìfù tẹ̀ lé e, kí ẹ tó tan power supply. Tí ẹ bá parí, ẹ pa á, ẹ yọ négátíìfù kọ́kọ́. Bátìrì tó ń gba iná ń tú gáàsì tó lè gbiná, ìdí nìyẹn tí a ò fi ń fẹ́ kí iná ta lórí ẹ̀.

Àti ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ju gbogbo ẹ̀ lọ: ẹ má gba òǹkà ojú power supply gbọ́. 13.6 tó kọ lójú ara ẹ̀, ibi tí iná ti ń jáde lára ẹ̀ nìyẹn. Wáyà wà láàárín, kílíìpù wà láàárín, fíúsì wà láàárín. Ẹ lọ wọ̀n ọ́ ní sókẹ́ẹ̀tì OBD, ibi tí ẹ ń ki wáyà síkánà bọ̀, ẹsẹ̀ 16 ni pósítíìfù bátìrì, ẹsẹ̀ 4 ni ojú irin ọkọ̀. Tí ibẹ̀ bá ń ka 12.7 nígbà tí ojú power supply ń ka 13.6, wáyà tàbí ìsopọ̀ kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́nà. Ẹ wá a rí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

* * *

Lápútọ́ọ̀pù: ẹ fi ṣájà ẹ̀ sí i, ẹ ní kó má sùn, ẹ dá àbúdéètì Windows dúró, wáyà ni kí ẹ lò, kì í ṣe Bluetooth. Mo ti rí i kí bátìrì ọkọ̀ wà ní pípé, kó wá jẹ́ lápútọ́ọ̀pù ló sùn.

* * *

Ẹnì kan bi mí nípa háíbíríìdì, ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì àti mọ́tò oníná pọ̀. Bátìrì fóltì 12 inú wọn máa ń kéré, torí bátìrì ńlá ló ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kékeré yẹn kọ̀ǹpútà nìkan ló ń jí. Nínú Prius, ẹ wo bó ṣe mọ. Tí ọkọ̀ bá wà ní READY, bátìrì ńlá á máa gba kékeré kún, àmọ́ ní ON lásán kò sí ẹni tó ń gbà á, tí ẹ bá wà ní ON fún ìdajì wákàtí, ẹ lè bá a ní òkú. Gbígbé bátìrì ró ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ibòmíì lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù fóltì 24, bátìrì 12 méjì ni wọ́n so tẹ̀ léra. Power supply 24 lẹ máa lò. Ẹ má so ti 12 mọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì, ìkan á kún, ìkan á rẹ̀, fóltéèjì àpapọ̀ á ṣì máa já.

* * *

"Tí iná wọ́ọ̀lù bá lọ láàárín ẹ̀ ńkọ́? Àbí kí n yọ bátìrì, kí n fi power supply nìkan gbé e?"

Ẹ má yọ bátìrì láé. Òun ló máa gbà á tí iná wọ́ọ̀lù bá lọ. Bátìrì tó kún tó wà níbẹ̀, ó lè fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti tan jẹnẹrétọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní bátìrì gbọ́dọ̀ dáa ná kí a tó sọ̀rọ̀ power supply. Bátìrì tí yàrá kan inú ẹ̀ ti kú, tó ń ka bíi 10.5, yàtọ̀ sí pé kò ní gbà yín sílẹ̀, á tún máa mu ámpù power supply yín. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ jẹ́ kó gbóná, kó dúró ṣinṣin kí ẹ tó so nǹkan mọ́ ọn. Wáyà ẹ̀stẹ́ńṣọ̀n kó nípọn, kó má gùn jù.

Tí ó bá sì já pátápátá tí síkánà ní ó ti bàjẹ́: ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ má yọ bátìrì, ẹ má pa síkánà. Ẹ mú fóltéèjì padà bọ̀ sípò ná, ẹ sinmi, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí síkánà bá ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ módù tí wọ́n sọ nù ni ì bá ti padà wá ká ní wọn ò kánjú.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá: "Ọ̀gá, mo tan kọ́kọ́rọ́ sí ON fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti fi dán bátìrì wò, 12.6 yẹn ti di 11.8. Oníbàárà ní bátìrì náà ti lé ní ọdún mẹ́rin. Mo lè rí power supply ámpù 30 yá, mo sì lè rí ti 70. Èwo ni kí n mú?"

Ẹ ṣeun tí ẹ dúró. 11.8 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bátìrì yẹn ò lè gbé iṣẹ́ yìí, 12.6 tó kà láàárọ̀ bò yín lójú ni. Ẹ bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kó fi tuntun sí i lónìí, ẹ fi òǹkà méjèèjì hàn án. Lẹ́yìn náà ẹ mú ti 70. 30 lè gbé e tí nǹkan kan ò bá bẹ́ sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹ máa gbàdúrà pé kí fáànù má yí.

* * *

"Bátìrì tuntun ti wọlé, mo gba iná sí i. Power supply wà ní 13.6. Mo tan gbogbo iná ọkọ̀ àti bulówà láti fi dán an wò, ẹsẹ̀ 16 ń ka 13.4, mítà lórí AC fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Mo ti pa wọn padà, iná iwájú wà ní OFF, lápútọ́ọ̀pù wà lórí ṣájà."

Ó ti tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn, kí ẹ sì kọ òǹkà ẹsẹ̀ 16 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Mo wà níbí títí tó fi máa parí.